Ìdákẹ́ tó wà láàárín ẹ̀ ni mo ń tẹ́tí sí báyìí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, torí ọ̀rọ̀ yìí ti kún inú mi láti bí oṣù mẹ́rin, gbogbo ẹni tí mo bá sì ti mú un bá ló máa ń sọ pé "o tún ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn." Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti bẹ̀rẹ̀. Bí ohun kan bá ti wọ̀ mí létí, kì í tètè jáde. Orin kan ṣoṣo ni mo lè fi jí, kí n fi fọ abọ́, kí n fi rìn, kí n tún fi sùn, kò sì ní sú mi, kàkà kó sú mi ṣe ló tún máa ń dùn sí i. Lọ́tẹ̀ yìí kò dúró sórí orin. Orin ló kọ́kọ́ mú mi, orin fà mí lé pọ́dkáàsì lọ́wọ́, pọ́dkáàsì mú mi dé ìdí àwàdà orí rédíò, ibẹ̀ ni mo wà báyìí, mi ò sì tíì fẹ́ kúrò ńbẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin ló dá a sílẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ kan ló fi líǹkì kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ eléyìí, ẹ má fò ó o, ẹ gbọ́ ọ dópin." So What ni, orin tó ṣíwájú nínú Kind of Blue, àwo tí Miles Davis tó ń fọn tọ́ńpẹ́ẹ̀tì gbé jáde lọ́dún 1959. Kí n má parọ́, jáàsì kì í wù mí gbọ́ tẹ́lẹ̀, mo gbà pé orin tí wọ́n ń fi sábẹ́ ọ̀rọ̀ ni, èyí téèyàn ò ní mọ̀ pé ó ń lọ àfi ìgbà tí wọ́n bá pa á. Mo ki íapíìsì bọ etí, mo pa iná, mo dùbúlẹ̀.

Píánò àti béèsì ló kọ́kọ́ wọlé, jẹ́jẹ́, bí èèyàn méjì tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nídàájí kí wọ́n má baà jí ọmọ. Ó ṣe díẹ̀, béèsì nìkan wá gba orin. Béèsì tí mò ń wí yìí, èyí tó ga ju èèyàn lọ ni o, tí wọ́n ń nà ró tí wọ́n ń fi ìka ta. Paul Chambers ló ń ta á. Ó sọ gbólóhùn kan, àwọn tó kù dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mejì péré: tàá-tà. Ó tún sọ òmíràn, wọ́n tún ní tàá-tà. Mo dìde jókòó. Mo ní háà, lílé àti ègbè nìyí! Béèsì ló ń lé, píánò ló kọ́kọ́ gbè é, lẹ́yìn náà tọ́ńpẹ́ẹ̀tì àti sáksófóònù bá a gbè é. Láti kékeré ni mo ti mọ lílé tí mo mọ ègbè, ṣùgbọ́n kí ohùn tó máa ń wà nísàlẹ̀ pátápátá wá bọ́ síwájú kó máa lé orin, kí àwọn ohùn òkè wá di elégbè ẹ̀, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí.

Ibi tó wá pa mí pátápátá ṣì ń bọ̀. Kò tíì pé ìṣẹ́jú méjì tí orin bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti lé wọ́n ti gbè tán, Miles fẹ́ dá sọ tiẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni Jimmy Cobb onílù gbá síḿbà kan, irin pẹlẹbẹ tó máa ń wà lára ìlù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, gbàǹ! Ohùn ẹ̀ tàn lọ lábẹ́ ohun tí tọ́ńpẹ́ẹ̀tì ń sọ, ó ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, o ò sì ní lè sọ ibi tó gbà parí. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn yàrá ńlá kan fún ẹ tí atẹ́gùn ibẹ̀ fẹ́ sí ẹ lójú. Nítorí síḿbà yẹn ni mo ṣe fi orin yìí sórí ripíìtì fún bí ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Mo máa ń mọ̀ pé ó ti ń bọ̀, èémí mi á dúró díẹ̀, gbàǹ, mo tún lè mí.

Mo wá kà á lẹ́yìn ìgbà yẹn pé ohun tó ń ṣe mí yìí ní ìdí. Àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì McGill ní Montréal gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2011, wọ́n ní káwọn èèyàn fúnra wọn mú orin tó máa ń mú orí wọn wú wá, wọ́n wá ń wo inú ọpọlọ wọn bí orin náà ṣe ń lọ. Dopamine, ìyẹn èròjà tí ọpọlọ máa ń tú sílẹ̀ bí nǹkan bá dùn mọ́ wa, ó jáde níbi tí orin dùn dé góńgó, ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé ó ti ń jáde lápá ibòmíì nínú ọpọlọ kí ibẹ̀ tó dé rárá, nígbà tí olúwa ẹ̀ ṣì ń retí. Ìrètí yẹn gan-an jẹ́ ara adùn ẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ni mò ń wá nínú orin tí mo ti mọ̀ tinú tòde, èsì mi rèé: bí mi ò bá mọ̀ ọ́n, báwo ni mo ṣe fẹ́ dúró dè é?

Nǹkan míì tún ṣẹlẹ̀. Mo rí ẹ̀dà orin náà méjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo ń gbọ́ wọn tẹ̀léra, mo wá ṣàkíyèsí pé ohùn wọn ò bára mu, ọ̀kan ga ju ìkejì lọ díẹ̀ báyìí. Mo kọ́kọ́ rò pé fóònù mi ni. Mo yọ íapíìsì, mo fi òmíràn sí i, bákan náà. Ìgbà tí mo wádìí ni mo rí i pé ọjọ́ méjì péré ni wọ́n fi gba gbogbo àwo yẹn sílẹ̀, ọjọ́ 2 oṣù kẹta àti ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1959, ní sítúdíò Columbia tó wà ní 30th Street ní New York, àti pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn ẹ̀rọ téèpù tí wọ́n lò ń fà díẹ̀, kò sáré tó bó ṣe yẹ. Téèpù tó bá fà nígbà tí wọ́n ń gbà á sílẹ̀, bí wọ́n bá wá fi sórí ẹ̀rọ tí kò ní àléébù, ṣe ló máa sáré, ohùn á sì ga. Orin mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú àwo náà ló kàn. Ọdún 1992 ni wọ́n tó gbé èyí tí wọ́n tún ṣe jáde, ó tó ọdún 33 tí gbogbo ayé fi ń gbọ́ ọ ní ohùn tí kì í ṣe ohùn ẹ̀ gan-an! Mo jókòó lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo ń pààrọ̀ láti orí ọ̀kan bọ́ sórí ìkejì, mo ń pààrọ̀ ṣáá. Èyí tí wọ́n tún ṣe ni mo mú o. Béèsì fìdí jókòó níbẹ̀, ó wúwo, ó dà bíi pé Chambers ráyè.

Bó ṣe di pé mo ń wá orúkọ àwọn tó lu ìlù, tó fọn, tó ta nìyẹn, ibẹ̀ ni mo sì gbà bọ́ sínú pọ́dkáàsì. Song Exploder ni mo kọ́kọ́ rí, Hrishikesh Hirway ló ń ṣe é láti 2014, ó máa ń ní kí olórin tú orin tiẹ̀ palẹ̀, kó mú ohùn kọ̀ọ̀kan jáde lọ́tọ̀, ìlù lọ́tọ̀, gìtá lọ́tọ̀, kó sọ bó ṣe dé ibẹ̀, tó bá yá wọ́n á wá jẹ́ kó o gbọ́ orin náà lódindi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ lọ gbọ́ ọ. Orin tí mi ò tiẹ̀ fẹ́ràn tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá ti tú u báyìí, tí mo ti gbọ́ gbogbo ohùn ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí wọ́n bá kó o jọ padà ó máa ń dà bíi pé ará ilé mi ni.

Lẹ́yìn ẹ̀ ni Twenty Thousand Hertz, èyí tí Dallas Taylor ń ṣe, ohùn lóríṣiríṣi ni tiẹ̀ dá lé, kì í ṣe orin nìkan. Orúkọ ẹ̀ wá láti ara ibi tí etí ọmọ èèyàn ń gbọ́ dé, ohùn tó ga tó 20,000 hertz, bó bá kọjá ìyẹn a ò lè gbọ́. Láti ìgbà tí mo ti ń gbọ́ irú àwọn ètò báyìí ni mo ti ń wá bí wọ́n ṣe ń ṣe ariwo inú eré káàkiri: pé ìró ẹsẹ̀ ẹṣin orí rédíò, igbá àgbọn méjì ni wọ́n ń gbá mọ́lẹ̀, pé ẹni tó ń rìn nínú yìnyín, ìyẹ̀fun àgbàdo inú àpò ni wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀, pé eegun tó dá, ewébẹ̀ sẹ́lẹ́rì ni wọ́n ṣẹ́. Mo dojú kọ́ọ̀pù méjì dé orí tábìlì, mo di ojú, mo ń gbá wọn: kòkò-kò, kòkò-kò. Ẹṣin ni lóòótọ́! Mo pe gbogbo ará ilé kí wọ́n wá gbọ́.

Ohun kan wà nínú pọ́dkáàsì tí mo fẹ́ràn tí mi ò rí kí wọ́n máa sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó ni ín. Fáìlì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní RSS ló wà nídìí ẹ̀, ẹni tó ń ṣètò á kọ síbẹ̀ pé ohùn tuntun ti wà níbí o, áàpù èyíkéyìí lágbàáyé sì lè lọ mú un. Inú ìwé ìròyìn The Guardian ni Ben Hammersley ti kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ náà podcast ní oṣù kejì ọdún 2004, Apple wá fi pọ́dkáàsì sínú iTunes, áàpù orin wọn, lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun ló sọ ọ́ di ti gbogbo ayé, ṣùgbọ́n títí di òní, ẹni tó bá ní gbohùngbohùn àti sùúrù lè dá tiẹ̀ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìgbà tí pọ́dkáàsì pọ̀ lọ́wọ́ mi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àṣìṣe kan. Mo fẹ́ gbọ́ gbogbo ẹ̀. Mo wá ń fi iyára 1.5 gbọ́ ọ, mo tún tan bọ́tìnnì kan nínú áàpù mi tó máa ń gé gbogbo ibi tí kò bá ti sí ohùn kúrò, kó lè tètè parí. Ó ṣiṣẹ́, mò ń gbọ́ épísóòdù márùn-ún lóòjọ́, mi ò sì rántí ọ̀kankan nínú wọn bó bá di alẹ́.

Jack Benny ló mú mi pa bọ́tìnnì yẹn. Aláwàdà ará Amẹ́ríkà ni, láti 1932 títí di 1955 ló fi wà lórí rédíò, ahun paraku ló sì máa ń ṣe nínú eré, ẹni tí owó ò ní jáde lọ́wọ́ ẹ̀ bó ti wù kó rí. Ẹnì kan sọ̀rọ̀ ẹ̀ nínú pọ́dkáàsì tí mò ń gbọ́, ó ní kẹ́ ẹ wá èyí tó ṣe ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 1948. Mo wá a rí. Benny ń rìn bọ̀ wálé lálẹ́, olè yọ sí i lókùnkùn, ó ní "owó ẹ ni àbí ẹ̀mí ẹ?" Mo gbọ́ ọ tán mi ò rẹ́rìn-ín. Ó kàn lọ báyìí, olè sọ̀rọ̀, èrò ìwòran bú sẹ́rìn-ín, olè tún sọ̀rọ̀, Benny fèsì, ó parí. Mo ní kí ló wá ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀?

Ó ń jẹ mí lọ́kàn. Lálẹ́ ọjọ́ kejì mo wá rántí pé bọ́tìnnì yẹn wà ní títàn, mo pa á, mo dá iyára ẹ̀ padà síbi tó yẹ kó wà, mo tún un gbọ́. Owó ẹ ni àbí ẹ̀mí ẹ? Ó dákẹ́. Benny ò fọhùn. O ń retí kó bẹ̀bẹ̀, kò bẹ̀bẹ̀, o ń retí kó kówó sílẹ̀, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Èèyàn kan rẹ́rìn-ín, òmíràn tẹ̀ lé e, torí pé ó ti ń yé wọn, wọ́n ti rí ohun tó ń lọ lórí ahun yìí, ó wá ràn káàkiri gbọ̀ngàn bí iná inú koríko gbígbẹ. Inú bí olè, ó tún un bi í. Benny wá dá a lóhùn pẹ̀lú ìkanra: "Mo ṣì ń rò ó!" Ẹ̀rín pa mí títí omi fi bọ́ lójú mi. Gbogbo àwàdà yẹn, inú ìdákẹ́ ló wà. Orí rédíò kẹ̀! Níbi tí o ò ti rí ojú ẹ̀, tí kò sí àwòrán, níbi tó jẹ́ pé bí ohùn bá dákẹ́ àwọn èèyàn lè rò pé nǹkan ti bà jẹ́, ibẹ̀ ni ọkùnrin yìí ti panu mọ́, tó jẹ́ kí àwa tá à ń gbọ́ máa bá a ro ìrònú ẹ̀. Bọ́tìnnì tèmi ni mo sì fi gé e kúrò.

Mo padà sídìí So What lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ gbà mí gbọ́, orin míì ni mo gbọ́. Mo ti ń lé síḿbà àti béèsì kiri látọjọ́ yìí, mi ò kíyè sí i pé Miles fẹ́ẹ̀ẹ́ dákẹ́ ju bó ṣe fọn lọ. Á sọ gbólóhùn kékeré kan, á mú tọ́ńpẹ́ẹ̀tì kúrò lẹ́nu, béèsì á máa rìn lọ, á tún padà wá nígbà tó bá tó o. Kò kánjú kún àlàfo yẹn. Nǹkan kan náà ni òun àti Benny ń ṣe.

Láti ọjọ́ náà mi ò fi iyára kankan gbọ́ àwàdà mọ́, mo sì ń bẹ ẹ̀yin náà, bẹ́ ẹ bá fẹ́ sáré gbọ́ ìròyìn ẹ sáré gbọ́ ọ, ìròyìn ò ní bínú, ṣùgbọ́n aláwàdà tó ti wọn ìdákẹ́ ẹ̀ bí ẹni ń wọn oògùn, ẹ má bá a dín in kù.

Èyí tó wà lọ́wọ́ mi báyìí ni Cabin Pressure. BBC Radio 4 ló gbé e jáde, ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2008 ó parí ní oṣù kejìlá 2014, John Finnemore ló kọ gbogbo ẹ̀, òun náà sì ṣeré nínú ẹ̀. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan tó jẹ́ pé ọkọ̀ kan ṣoṣo péré ló ní, èèyàn mẹ́rin ló ń fi ṣiṣẹ́: Carolyn tó ni ín, Arthur ọmọ ẹ̀ tí inú ẹ̀ máa ń dùn sí gbogbo nǹkan lábẹ́ ọ̀run, Martin tó jẹ́ ọ̀gá awakọ̀, àti Douglas tó wà lábẹ́ ẹ̀ ṣùgbọ́n tó mọ iṣẹ́ jù ú lọ. Benedict Cumberbatch ló ṣe Martin. Martin yìí ò gba owó oṣù, ẹ gbọ́ o, ọ̀fẹ́ ló ń wa ọkọ̀ òfuurufú, ó wá ń fi mọ́tò ẹrù bá àwọn èèyàn kó ẹrù kó lè rí nǹkan jẹ, torí pé kò sí nǹkan míì tó wù ú láyé ju kó wà lókè lọ. Àwàdà ni, ẹ̀rín ń pani, àmọ́ bí mo bá ti rántí ìyẹn bí wọ́n ṣe ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ọkàn mi máa ń rọ̀.

Ohùn ni wọ́n fi ń mú ẹ káàkiri inú ọkọ̀ náà. Bó o bá gbọ́ bíǹ-bọ́ǹ báyìí, o ti mọ̀ pé èrò ọkọ̀ ni wọ́n fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń kùn lábẹ́ ọ̀rọ̀, iwájú níbi tí àwọn awakọ̀ wà lo wà. Épísóòdù kan wà tó ń jẹ́ Limerick, wọ́n ń fò lọ lálẹ́ ọ̀nà jíjìn, kò sí nǹkan tí wọ́n ń ṣe ju kí wọ́n jókòó kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ kí ilẹ̀ lè tètè mọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ìgbà míì òkùnkùn ni mo máa ń jókòó sí kí n lè bá wọn wà ńbẹ̀.

Etí mi dùn mí díẹ̀ lóṣù tó kọjá, ó ń hó wíín lálẹ́, mo wá dín ohùn kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má kọjá wákàtí 40 lọ́sẹ̀ bí ohùn bá tó 80 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, mo sì ti ń tẹ̀ lé e, torí mo fẹ́ lo etí yìí pẹ́. Ó ti dáa báyìí.

Orúkọ ibì kan ni wọ́n fi pe épísóòdù Cabin Pressure kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò ó ní ABD Gẹ̀ẹ́sì, Abu Dhabi ni àkọ́kọ́, Boston tẹ̀ lé e, Cremona, Douz, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí tó fi kan Zurich. Nítorí náà láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń rí òpin ẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ìgbà tí mo dé T mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ gbọ́, ọ̀kan lọ́sẹ̀ kan. Ìjẹta ni mo gbọ́ Y tán. Àbúrò mi pè mí láàárọ̀ yìí, òun ti gbọ́ ọ dópin tipẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣẹ́ ẹ ti gbọ́ ìparí ẹ̀?" Mo ní rárá. Ó ní kí lẹ wá ń dúró dè. Mo ti dáńlódù ẹ̀ sórí fóònù, apá méjì ni, mo ń wò ó báyìí bí mo ṣe ń kọ eléyìí, mi ò tíì tẹ̀ ẹ́.